Ta ló ń wọ ẹ̀wù òtútù fún ọmọ yín?

Ìyá Àbíkẹ́yìn: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Tísà ọmọ mi ní jẹ́lé-ó-sinmi pè mí lánàá. Ó ní tí wọ́n bá fẹ́ jáde lọ ṣeré, àwọn ọmọ yòókù á máa wọ ẹ̀wù òtútù wọn, tèmi á na apá méjèèjì bí ọba, á máa retí ẹni tó máa wọ̀ ọ́ fún un. Ọmọ ọdún 4 ni o! Ojú tì mí, torí èmi náà ni mo fi kọ́ ọ. Báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?

Àǹtí Olùkọ́: Ẹ má jẹ́ kójú tì yín, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ tẹ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀, kí inú rẹ̀ kọjú sókè, kí ọrùn rẹ̀ wà níwájú ẹsẹ̀ ọmọ. Ọrùn ni mo wí o. Tó bá jẹ́ ìdí ẹ̀wù lẹ gbé síbẹ̀, òkè á di ìsàlẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀, kó ki ọwọ́ méjèèjì bọ apá ẹ̀wù, kó gbé e gba orí sẹ́yìn. Ó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Síìpù ló le jù. Ẹ bá a ki ìdí rẹ̀ bọra, ẹ fà á dé àyà, kó fa èyí tó kù. Tó bá ti mọ ìyẹn, ẹ fà á dé ikùn, kó tó wá kan ìdí fúnra rẹ̀. Ìparí iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ fún un, torí ẹni tó parí iṣẹ́ ló máa ń gbà pé òun lòun ṣe é. Síìpù ṣáájú ìbọ̀wọ́ o!

Bàbá Ìbejì: Bàtà ni wàhálà tiwa. Mo gé sítíkà kìnnìún kan sí méjì, mo lẹ ìlàjì mọ́ inú bàtà ọ̀tún, ìlàjì mọ́ tòsì. Tí ojú kìnnìún bá ti pé, ẹsẹ̀ ò lè ṣì.

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, àmọ́ àwa náà la gbé pẹpẹ sókè. Mo kan ìkọ́ aṣọ mọ́ ògiri níbi tí ọwọ́ wọn tó, mo gbé àpótí síwájú ibi ìfọwọ́. Oògùn àti ọṣẹ ìfọṣọ nìkan ni kò kúrò lókè.

Ìyá Àbíkẹ́yìn: Ẹ ṣeun. Kánjúkánjú àárọ̀ ńkọ́?

Àǹtí Olùkọ́: Ẹ má fàárọ̀ kọ́ ọ rárá. Ọ̀sán Sátidé ni kẹ́ ẹ fi ṣeré. Láàárọ̀, ohun kan ṣoṣo ni kó dá ṣe, kẹ́ ẹ sì ka ení dé ogún nínú ọkàn yín kẹ́ ẹ tó nawọ́. Ibi tó ń dun àwa ìyá nìyí: tó bá wọ ṣòkòtò sódì, ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún un wọ̀ fún un lójú ẹsẹ̀, kò ní dán an wò lọ́la.

Màmá Àgbà: Ẹ má sọ ọ́ di iṣẹ́ ṣójà ṣá. Ọjọ́ tó bá rẹ ọmọ, ẹ bá a wọ̀ ọ́.

Ìyá Àbíkẹ́yìn: Ẹ̀yin ará, a ti dán tẹ̀wù wò lálẹ́ yìí. Ó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó ti sùn báyìí, inú ẹ̀ ló ṣì wà, kò gbà ká bọ́ ọ.