Mo fẹ́ gbé láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ fún Màmá, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe sí i?

Àkànní_T: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra láptọ́ọ̀pù tuntun, mo wá ní kí n gbé èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ fún Màmá, torí ojú wọn ò gba fóònù mọ́, lẹ́tà ẹ̀ ti kéré jù fún wọn. Kò sí nǹkan ńlá tí wọ́n máa fi ṣe, kí wọ́n ṣáà máa rí àwọn ọmọ-ọmọ wọn lórí fídíò, kí wọ́n wo YouTube, kí wọ́n ka ìròyìn, ó parí. 2015 ló jáde, Core i5, RAM 4GB, hard disk 500GB, Windows 10. Téèyàn bá tàn án, èèyàn lè lọ wẹ̀ kó tó ṣí tán 😂 Gbogbo fọ́tò àti ìwé iṣẹ́ mi ló wà nínú ẹ̀. Ṣé kí n kàn délíìtì wọn kí n gbé e lọ, àbí iṣẹ́ ṣì kù?

Bísọ́lá_K: Délíìtì nìkan kẹ̀? Rárá o. Fáìlì téèyàn bá délíìtì lórí hard disk ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíì á fi gorí ẹ̀, àpù tó ń hú u jáde sì pọ̀. Kọ́kọ́ kó fọ́tò ẹ síbòmíì, jáde nínú gbogbo àkáǹtì ẹ, pàápàá bráúsà tó ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù, kó o wá lọ sí Settings, "Reset this PC", "Remove everything", kó o sì tan "Clean data". Ó máa pẹ́ o. Kì í ṣe Màmá là ń sá fún, ẹni tí wọ́n máa gbé e fún lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́ ni.

Fátí_tẹki: Bísọ́lá ò parọ́, àmọ́ wàhálà yẹn ò pọn dandan. Hard disk yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó lọ́ra, yọ ọ́, fi SSD síbẹ̀, ìyẹn dísíkì tó yá ju hard disk lọ, fọ́tò ẹ á wà lọ́wọ́ ẹ láì nu nǹkankan. Tó bá gba RAM sí i, sọ ọ́ di 8GB. Kó o tó náwó rárá, yẹ bátìrì wò, tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ bá ti ń wú tàbí tí touchpad ń ga sókè, má gbé e fún àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ yẹn, bátìrì tó wú lè gbiná.

Baba_Linux: Ẹ gbàgbé nǹkan kan. Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe Windows 10 dúró láti October 14, 2025, ọdún kan ni wọ́n fi kún un fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Windows 11 ò sì gba ẹ̀rọ 2015, ṣíìpù Intel jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ sókè ni wọ́n fẹ́. Èèyàn lè fi tipátipá gbé e sórí ẹ̀, àmọ́ mi ò ní ṣe é fún ìyá mi. Linux Mint ni kó o fi rọ́pò Windows, òun náà máa ń gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni, ojú ẹ̀ sì jọ Windows.

Bísọ́lá_K: Ẹ̀yin Baba, ẹ fẹ́ràn Linux yìí jù 😂 Ta ni Màmá máa pè tí ohùn ò bá jáde?

Baba_Linux: Àkànní náà ni, Windows ni o, Linux ni o. Ṣebí bráúsà ni wọ́n máa lò látàárọ̀ dalẹ́. Ohun kan ṣáá, WhatsApp ò ṣe àpù fún Linux, torí náà Àkànní, dán ìpè fídíò wò nínú bráúsà kó o tó gbé e lọ, kámẹ́rà, máìkì, gbogbo ẹ̀. Tí ò bá lọ, Google Meet wà.

Àkànní_T: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti yí i dojú dé, ìsàlẹ̀ ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, bátìrì ò wú. SSD ló kàn. Ti Linux yẹn, màá kọ́kọ́ ṣí i látorí flash níwájú wọn láì tíì fi sínú ẹ̀, tí wọ́n bá ti fajú ro, a ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́.