Ta ló kọ ta sílẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjíròrò o.

Láti ọjọ́ Ajé lẹ ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo ń gbọ́, mi ò dá sí i. Arábìnrin wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀. Ó ń túmọ̀ iṣẹ́ kan lórí bí ìgbéyàwó ṣe yí padà níbẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1990, ó kan no-fault divorce, ìyẹn kí kóòtù tú ìgbéyàwó ká láìbéèrè ẹni tó jẹ̀bi, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀gbẹ́ni kan ní kó kọ “ìkọ̀sílẹ̀ aláìlẹ́bi”, èèyàn mẹ́rin sì ti pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá wa láti Ìlọrin ní “ìkọ̀sílẹ̀ wẹ́rẹ́” ló dùn létí òun. Ẹnìkan tún ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé àwọn baba wa ò mọ irú rẹ̀, ká sáà pè é ní nófọ́ọ̀tì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo fi ń jẹun ní California, ọ̀rọ̀ yìí sì ti dójú tì mí rí.

Ìyá kan ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọkọ rẹ̀ fi ìwé kóòtù ránṣẹ́ sí i, wọ́n bá pè mí kí n wá kà á fún un. Mo ṣí i, mo ní, “Ẹ má bínú o, Mà, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ni.” Màmá wò mí. Ó ní, “Ó kọ̀ mí? Kí ni wọ́n ní mo ṣe?” Mo yẹ ìwé náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọn ò kọ pé ó ṣe àgbèrè, wọn ò kọ pé ó lu ọkọ tàbí pé ó sá nílé. Àpótí kékeré kan péré ni wọ́n fàmì sí, tó ní èdèàìyedè àárín wọn ti kọjá àtúnṣe. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní, “Wọn ò ní mo ṣe nǹkan kan, síbẹ̀ wọ́n kọ̀ mí.” Mi ò rí èsì fọ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i pé èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Kò síbi tí wọ́n kọ “kọ̀” sí nínú ìwé yẹn. Ẹnu mi ló ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ ìṣe náà wò. Kò sí kíkọ̀ tí kò ní ẹni tó kọ̀ àti ẹni tí a kọ̀. Nínú Mátíù orí karùn-ún, ẹni tó bá kọ aya rẹ̀ sílẹ̀, kó fi ìwé ìkọ̀sílẹ̀ lé e lọ́wọ́: ẹnìkan ń fi léni lọ́wọ́, ẹnìkan ń gbà. Òótọ́ ni pé a máa ń wí pé “wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀”, àmọ́ ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Ìkọ̀ méjì ló pàdé níbẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó kọ̀.

Ohun tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ kò tíì gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ gan-an ni ìjọba California kọ́kọ́ mú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, Ronald Reagan, tó jẹ́ gómìnà nígbà náà, fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìdílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1970. (Ọkùnrin yìí kan náà ni aya rẹ̀ àkọ́kọ́, Jane Wyman, ti fi ẹ̀sùn ìwà ìkà kàn ní kóòtù, tí ìgbéyàwó wọn sì parí ní 1949. Mi ò ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn o, mo kàn sọ ọ́ ni.) Nínú òfin náà, wọ́n yọ divorce kúrò, wọ́n fi dissolution rọ́pò rẹ̀, èyí tó jẹ́ ìtúká. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni ní olùpẹjọ́ mọ́, wọn ò pe ẹnikẹ́ni ní olùjẹ́jọ́: olùbéèrè àti olùdáhùn ló kù. Lórí fáìlì, lágbájá ò dojú kọ tàmẹ̀dù mọ́. “Nípa ìgbéyàwó lágbájá” ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Iṣẹ́ tí àwa ń ṣe níbí yìí gan-an ni àwọn aṣòfin yẹn jókòó ṣe.

Kí ló lé wọn débẹ̀? Irọ́ ni. Kó tó di 1970, ìdí méje ni òfin California mọ̀: àgbèrè, ìwà ìkà tó lékenkà, kí ẹnìkan ṣá ẹnìkejì tì, kí ọkọ mọ̀ọ́mọ̀ má gbọ́ bùkátà aya, ọtí àmujù, ọ̀ràn ńlá tó gbé èèyàn dẹ́wọ̀n, àti wèrè tí kò gbóògùn. Bí ẹ bá yọ wèrè kúrò, ẹ̀ṣẹ̀ ni gbogbo wọn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jàre, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jẹ̀bi. Bí tọkọtaya bá ti sú ara wọn, tí wọ́n fẹ́ tuka láìjà, òfin ò ní ilẹ̀kùn tí wọ́n máa gbà jáde. Nítorí náà, wọ́n á lọ wá ẹ̀ṣẹ̀. Ìwà ìkà ló wọ́pọ̀ jù ní California: aya á búra pé ọkọ òun ń bú òun níwájú àlejò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á jẹ́rìí sí i, adájọ́ á gbà, gbogbo wọn á sì mọ̀ pé eré ni. Ti New York tún burú jù. Títí wọ́n fi tún òfin ibẹ̀ ṣe ní 1966, àgbèrè nìkan ló lè tú ìgbéyàwó ká, débi pé àwọn ọkọ ń bẹ obìnrin lọ́wẹ̀ kó wá bá wọn jókòó ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, kí oníkámẹ́rà wọlé, kó ya fọ́tò. Ẹni tó bá lówó á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Reno ní Nevada, nítorí láti 1931, bí èèyàn bá ti gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kóòtù wọn á gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àwa náà mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tọkọtaya yìí ní ọmọ tí wọ́n ṣì máa jọ tọ́.

Ibi tí “aláìlẹ́bi” ti ṣubú gan-an nìyẹn. Aláìlẹ́bi ni ẹni tí kò ní ẹ̀bi lọ́rùn. Bí mo bá kọ “ìkọ̀sílẹ̀ aláìlẹ́bi”, mo ti dá àwọn méjèèjì láre nìyẹn. Òfin 1969 ò dá ẹnikẹ́ni láre. Ọkùnrin tó ní obìnrin mẹ́ta níta lè gbé ìwé lọ sí kóòtù California lónìí, ẹ̀bi á kún ọrùn rẹ̀ bámúbámú, adájọ́ ò sì ní bi í. Kò dá a lẹ́bi, kò dá a láre, kò bi í ni. Nítorí náà, “àìdálẹ́bi” ni mo fara mọ́. Ẹ wo ohun tí “dá” kékeré yẹn mú wọlé: àìlẹ́bi ń sọ irú èèyàn tí a jẹ́, àìdálẹ́bi ń sọ ohun tí kóòtù kọ̀ láti ṣe. Bí ẹ bá wá ibi tí “kọ̀” bá a mu nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun nìyẹn. Adájọ́ ló kọ̀.

Odindi ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni “ìtúyìgì àìdálẹ́bi”.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ti mùsùlùmí ni yìgì. Láti ibẹ̀ ló ti wá lóòótọ́, àmọ́ ní Ìbàdàn tí wọ́n bí mi sí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu onífìlà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn oníwèé ìròyìn sì ń lò ó fún gbogbo wa. Ẹni tí kò bá rọ̀ lọ́rùn kó lo “ìtúká ìgbéyàwó”, mi ò ní bá a jà. Ọ̀rọ̀ ìṣe náà ló jẹ mí lógún. À ń so yìgì, à ń tú yìgì. “Tú” sì lè dá dúró láìsí ẹni tó tú u: okùn tú, ìgbéyàwó wọn tú ká. Ẹ wá gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ sílẹ̀. “Ìgbéyàwó wọn kọ̀ sílẹ̀.” Ṣé ó ṣeé gbọ́?

Lórí “wẹ́rẹ́”, Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ni òfin ní kí wọ́n dúró kó tó parí, ìyẹn bí kò bá sí ìjà lórí ọmọ àti ilé. Ọ̀rọ̀ ilé yìí sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí owó ni ẹ̀bi jẹ́ láyé àtijọ́. Bí àgbèrè tàbí ìwà ìkà bá fojú hàn, ẹni tó jàre ló ń gbà ju ìdajì lọ nínú ohun tí tọkọtaya jọ ní. Aya tí ọkọ fẹ́ sá fún mọ èyí, á fọwọ́ lẹ́rán, á ní, “Ó dáa, o fẹ́ lọ? Fi ilé sílẹ̀ fún mi.” Nígbà tí òfin tuntun dé, ìdajì-ìdajì ni. Bí ilé nìkan bá ni wọ́n ní, wọ́n á tà á, wọ́n á pín owó, ìyá àtàwọn ọmọ á kó lọ síbi tí ilé ti rọjú. Ní 1985, onímọ̀ àwùjọ kan, Lenore Weitzman, kéde pé lẹ́yìn ìtúká, ìgbé ayé àwọn obìnrin já wálẹ̀ ní ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún, tàwọn ọkùnrin sì gòkè ní ìdá 42. Ariwo ta. Ní 1996, onímọ̀ àwùjọ mìíràn, Richard Peterson, tún ìṣirò kan náà ṣe, ìdá 27 ló bá fún obìnrin, ìdá 10 fún ọkùnrin. Iye náà dín kù gan-an, àmọ́ ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ṣì ń sọ̀ kalẹ̀. Ta ló wá rọrùn wẹ́rẹ́ fún?

Ẹnìkan tún kọ ọ́ níbí lánàá pé òfin yìí ló tú ilé Amẹ́ríkà ká. Rárá o. Ní 1960, ìtúká 2.2 ni wọ́n ń rí láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. Ní 1969, kí òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ti di 3.2. Ó dé 5.3 ní 1981, lẹ́yìn náà ó ń lọ sílẹ̀. Àwọn obìnrin ti ń lọ síbi iṣẹ́, oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ti jáde láti 1960, aya tó bá fẹ́ lọ sì ti rí ohun tí yóò máa jẹ. Òfin kàn sáré tẹ̀ lé wọn ni. Nígbà tó fi máa di 1985, gbogbo ìpínlẹ̀ ti ní irú rẹ̀ àfi New York, tó fà á títí di 2010.

Ti ẹni tó ní àwọn baba wa ò mọ irú rẹ̀ ló pa mí lẹ́rìn-ín. Kí ni dálémosú? Obìnrin tó kó ẹrù rẹ̀, tó padà sílé baba rẹ̀, tó jókòó síbẹ̀. Wọ́n lè bú u, àmọ́ kò sí kóòtù tó ní kó mú àgbèrè ọkọ wá. Bó bá fẹ́ ọkọ mìíràn, ọ̀rọ̀ á di ti owó ìdána tí a máa dá padà. Títí di òní, ẹ jókòó sí kóòtù ìbílẹ̀ èyíkéyìí, ẹ ó gbọ́ “kò sí ìfẹ́ mọ́”, gbólóhùn tí mo kà sí ìtumọ̀ tó dára jù lọ fún ohun tó wà nínú àpótí kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kóòtù gíga ni kò rí bẹ́ẹ̀: òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà ti 1970 ní ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ ti dàrú kọjá àtúnṣe, ó sì tún ní kí o mú ẹ̀rí àgbèrè, ìṣátì tàbí irú wọn wá kí a fi mọ̀ pé ó dàrú. Ẹsẹ̀ kan nílé, ẹsẹ̀ kan níta.

Fún arábìnrin wa, ìmọ̀ràn mi ni pé kó má pa “ìkọ̀sílẹ̀” rẹ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kó lò ó fún gbogbo ẹjọ́ tó ṣáájú 1970, torí ìkọ̀sílẹ̀ gidi ni wọ́n, kó wá lo “ìtúyìgì àìdálẹ́bi” láti California síwájú. Àwọn ọmọ tó ń kà á á rí i pé ọ̀rọ̀ yí padà lójú ọ̀nà, wọ́n á sì bi í léèrè ìdí. Bó bá fẹ́ kọjá 1990 dé 1997, nígbà tí Louisiana ṣe òfin ìgbéyàwó onímájẹ̀mú, níbi tí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí àgbèrè, ìlùkulù tàbí irú wọn hàn, tàbí kó ya ara fún ọdún méjì kó tó jáde, “ìkọ̀sílẹ̀” á tún padà wúlò fún un. Àwọn tó yan irú ìgbéyàwó yẹn kò pọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà ò ní ṣiṣẹ́ púpọ̀.

Ó ku ọ̀kan tó ń dà mí láàmú. Ní 1976, Michelle Triola, tó ti bá òṣèré Lee Marvin gbé láìsí yìgì, gbé e dé kóòtù tó ga jù ní California, wọ́n sì ní àwọn tó jọ gbé láìfẹ́ra lè fi àdéhùn àárín wọn pe ara wọn lẹ́jọ́. Àwọn èèyàn lẹ pal, tó jẹ́ ọ̀rẹ́, mọ́ alimony, ìyẹn owó ìtọ́jú tí ẹnìkan ń san fún ẹnìkejì lẹ́yìn ìtúká, ó di palimony. Kò sí yìgì tí a máa tú níbẹ̀, kò sí aya, kò sí ọkọ. “Owó àjọgbé” ló wá sí mi lẹ́nu, mo sọ ọ́ fún ọmọ mi ní àárọ̀ yìí, ó bi mí bóyá owó ilé oṣù yìí ni.