Kílọ́ọ̀bù rugby méjì fẹ́ mú ọmọ mi, èwo ni kó lọ? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ìyá Prop
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa rugby ní ìlú ọba níbí kó bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò rí oorun sùn. Àbígbẹ̀yìn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18, prop ni wọ́n ń pe ipò tó ń gbá, àwọn tó máa ń forí korí ti ara wọn nínú scrum yẹn, ó sì sígbọnlẹ̀ bíi bàbá ẹ̀. Láti ọmọ ọdún 15 ló ti wà ní akádẹ́mì kílọ́ọ̀bù kan ní Premiership, líìgì rugby tó ga jù ní England, wọ́n ti wá gbé kọ́ńtíráàtì ọdún méjì síwájú ẹ̀ báyìí. Kílọ́ọ̀bù kejì wà ní ipele tó tẹ̀lé e, owó tiwọn kéré jọjọ, àmọ́ wọ́n ní á lè máa lọ sí yunifásítì níbẹ̀, àwọn á sì tètè máa gbé e wọlé.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fọ aṣọ tí wọ́n fi ń tìréènì, mo sá a sórí radiator, ni mo bá rí i pé àyà aṣọ tuntun yẹn ṣófo. Ti èṣí, orúkọ ilé iṣẹ́ kan ló wà níbẹ̀ gàdàgbà, lẹ́tà ẹ̀ tiẹ̀ ti ń bó nítorí mo ń fọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́. Mo bi ọmọ, ó ní spọ́ńsọ̀ yẹn ti lọ, wọ́n ní ẹlòmíì ń bọ̀. Ta lẹni tó ń bọ̀? Kò mọ̀. Síbẹ̀ wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó prop méjì wá láti South Africa. Owó wo ni wọ́n fi kó wọn wá, ibo lọmọ tèmi á sì ti ráyè gbá? Bàbá ẹ̀ ní kó lọ kàwé, pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́, látọjọ́ Sunday àwọn méjèèjì ò bára wọn sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Coventry
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ̀rù yín tọ́. Ìlú wa níbí ni kílọ́ọ̀bù Wasps kó wá ní 2014, wọ́n ra stadium ńlá, ní 2015 wọ́n ta bond, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń yá owó, fún aráàlú, wọ́n kó £35 mílíọ̀nù jọ, nígbà tó sì di 2022 tó yẹ kí wọ́n dá a padà, kò sówó nílẹ̀. October ọdún yẹn ni gbogbo ẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, èèyàn 167 ló pàdánù iṣẹ́. Kílọ́ọ̀bù tó ti gba ife Europe lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn o! Kílọ́ọ̀bù Worcester ti ṣáájú wọn ní September, kílọ́ọ̀bù London Irish tẹ̀ lé wọn ní June 2023. Ẹ má sì rò pé ìsàlẹ̀ ló fọkàn balẹ̀, Jersey Reds gba líìgì ipele kejì ní 2023, kí September ọdún yẹn tó parí wọ́n ti kógbá wọlé. Torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ipele, ọ̀rọ̀ ibi tí owó ti ń wá ni.

Bàbá Ìbejì, Newcastle
Òótọ́ lẹ sọ àbúrò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ tibí náà. Ní 1995 olówó kan, Sir John Hall, kówó lé kílọ́ọ̀bù wa, wọ́n ra àgbà ọ̀jẹ̀ lóríṣiríṣi, wọ́n gba líìgì ní 1998, Jonny Wilkinson tó padà di ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù England ò tíì pé 19 nígbà yẹn, ó sì wà láàárín wọn. Nígbà tó yá ọkùnrin yẹn kówó ẹ̀ kúrò. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í rá pálá títí dé sáà 2023-24 tá a gbá eré líìgì 18 tí a ò jẹ ẹyọ kan, mo lọ wo èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ nínú òtútù ní Kingston Park, pápá wa, omi ń bọ́ lójú èmi àgbàlagbà. August 2025 ni Red Bull, ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò yẹn, ra kílọ́ọ̀bù, ojú wá bẹ̀rẹ̀ sí í là. Nítorí náà àyà aṣọ tó ṣófo ò túmọ̀ sí pé wọ́n ti kú, ó lè jẹ́ pé ẹlòmíì ń bọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ kó tó buwọ́ lùwé ni kí wọ́n dárúkọ ẹni náà fún yín.

Ní ti àwọn ará South Africa yẹn, ẹ má bínú sí wọn. Prop kì í tètè gbó, ọ̀pọ̀ wọn ń lé ní 25 kí agbára wọn tó jọ, ọmọ ọdún 18 tí wọ́n bá sáré sọ sínú scrum àwọn àgbà lè fi ọrùn ṣèṣe. Ohun tí ẹ máa béèrè ni pé ọmọ ọdún mélòó làwọn méjèèjì, ìgbà wo sì ni kọ́ńtíráàtì wọn máa tán. Tí wọ́n bá ti ń lọ sí 33, ọmọ yín ni wọ́n ń dáná dè. Òfin wà pé owó oṣù agbábọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ kọjá iye kan, £6.4 mílíọ̀nù ni lọ́dún 2024-25, kílọ́ọ̀bù sì ń rí ìdẹ̀ra gbà lórí iye yẹn tó bá jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló tọ́ ọmọ dàgbà. Ó wúlò fún wọn ju bí ẹ ṣe rò lọ mà.

Àńtí Kítìnnì
Mo ti dáná ní kílọ́ọ̀bù kan rí, mi ò ní dárúkọ. Ká tó gbọ́ nǹkan kan nínú ìròyìn, inú frísà la ti kọ́kọ́ mọ̀. Salmon kọ́kọ́ lọ, ó ku adìyẹ, lẹ́yìn náà ẹni tó ń kó ẹran wá ní òun ò jábọ́ mọ́ àfi kí wọ́n sanwó lẹ́nu géètì. Lọ́jọ́ kan mo dé ibi iṣẹ́, wọ́n ti fi téèpù dúdú bo orúkọ spọ́ńsọ̀ lára ògiri ibi tí kóòṣì máa ń dúró sí bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Owó oṣù wa fi ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ́. Aunty mi, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún ẹ má bá ọ̀gá nìkan sọ̀rọ̀, ẹ kí àwọn tó ń fọ aṣọ àti àwọn tó ń gé koríko, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá owó ń wọlé lásìkò.

Lọ́yà Kékeré
Ẹ kú iṣẹ́ òbí mà. Ẹ lọ sí Companies House, ibi tí ìjọba ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ sí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ orúkọ kílọ́ọ̀bù méjèèjì. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń fi ìṣirò owó wọn sílẹ̀ lásìkò àbí wọ́n ń pẹ́ ẹ, àti bóyá gbèsè tí ẹnì kan ṣoṣo yá wọn ló gbé wọn dúró. Ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lórí kọ́ńtíráàtì dáadáa. Ní Worcester, ilé iṣẹ́ tó gba àwọn agbábọ́ọ̀lù síṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó ni pápá, nígbà tí ilé ẹjọ́ tú èyí àkọ́kọ́ yẹn ká ní 5 October 2022, kọ́ńtíráàtì wọn tán lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ bi wọ́n pé ta ló máa tọ́jú ọmọ tó bá ṣèṣe. RPA, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, máa bá yín ka ìwé náà, èjẹ́ǹtì tí RFU, àjọ tó ń darí rugby ní England, ò bá sì forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó wọlé yín. Tí wọ́n bá ní àwọn á fún un ní nǹkan lẹ́yìn ohun tó wà nínú ìwé, ẹ kọ̀ ọ́. Kílọ́ọ̀bù Saracens pàdánù máàkì 35, wọ́n sì san £5.36 mílíọ̀nù owó ìtanràn ní 2019 nítorí òfin owó oṣù yìí.

Ọmọ Ìbàdàn
Ẹ bá mi sọ fún daddy pé Adedayo Adebayo tí wọ́n bí ní Ìbàdàn gbá fún Bath àti England, Topsy Ojo náà lé ní 300 eré fún London Irish. Iṣẹ́ ni sà! Àmọ́ ìwé náà ò gbọdọ̀ dúró, ọ̀pọ̀ ọmọ akádẹ́mì ń ka yunifásítì pọ̀ mọ́ ọn, kílọ́ọ̀bù ńlá sì máa ń yá wọn fún ti ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè rí eré gbá. Ẹ ní kí wọ́n kọ méjèèjì sínú kọ́ńtíráàtì.

Ìyá Prop
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bá yín tọ́ tiyín. Mo ti yẹ Companies House wò, ti ìsàlẹ̀ yẹn ń fi ìṣirò sílẹ̀ lásìkò, àwọn oníṣòwò ìlú náà bíi mẹ́wàá ló ń gbọ̀wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ti Premiership ti pẹ́ oṣù mẹ́rin. Mo pe ọ̀gá akádẹ́mì, mo ní tí wọn ò bá dárúkọ spọ́ńsọ̀ tuntun kí wọ́n sì kọ ilé ìwé àti yíyá sínú ìwé, a ò ní buwọ́ lù ú. Ó ní ká wá ní Thursday. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì sétí ọkọ mi, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ló bá bi ọmọ pé, àwọn prop South Africa yẹn, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Ọmọ ní ọ̀kan jẹ́ 34, èkejì 31. Ọkọ mi lóun náà ń bọ̀ ní Thursday.