Tábìlì ni mo mọ̀, n ò mọ bọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú eré pinball, eré orí tábìlì tó dà, tí a ń tẹ bọ́tìnnì kí apá kékeré méjì lè gbá bọ́ọ̀lù irin kó má baà já lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ojú ṣe tì mí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi gbá Medieval Madness, ọ̀kan nínú àwọn tábìlì wọ̀nyí, lórí kọ̀ǹpútà. Mo mọ òfin rẹ̀ látòkè délẹ̀: bí a ṣe ń gbá ẹnu ọ̀nà ààfin títí yóò fi wó, bí bọ́ọ̀lù púpọ̀ ṣe ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí n kì í wó ààfin mẹ́ta mẹ́rin kí n tó dìde.

Ọjọ́ tí mo wá pàdé ojúlówó, èyí tí ilé iṣẹ́ Williams ṣe ní 1997, mo ní kí àwọn tí a jọ lọ dúró wòran. Mo ṣọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà ààfin, ó bà á gbàù, bọ́ọ̀lù sì padà wá tààrà sí àárín apá méjèèjì, ó lọ. Ẹ̀rọ ṣàánú mi, ó dá a padà. Mo tún gbá a síbẹ̀, ó tún gba àárín lọ, kò sì sí àánú mọ́. Bọ́ọ̀lù kejì bá ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ òsì lọ. Ìkẹta, mo ń tẹ bọ́tìnnì méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó ń lé adìẹ. Ó parí kí àwọn tó dúró wòran tó ri ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo délé ni mo ro ó dáadáa. Lórí kọ̀ǹpútà, bí mo bá gbé apá sókè tí mo dì í mú, bọ́ọ̀lù á rọra wá jókòó sí i. Ojúlówó bọ́ọ̀lù, irin ni, ó tó gíráàmù 80, ó ń yí bí òkòtó, ó sì ń ta kúrò lára rọ́bà síbi tó wù ú. Pabanbarì ibẹ̀, eré orí kọ̀ǹpútà kì í yí padà. Ibi tí bọ́ọ̀lù wà lórí apá nígbà tí mo bá tẹ bọ́tìnnì ni mo há sórí, bọ́ọ̀lù á sì lọ síbi tó lọ lánàá. Ojúlówó kò mọ àná.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi yàtọ̀ pátápátá. Ìdí ojúlówó ẹ̀rọ ni mo dàgbà sí, eré orí tẹlifíṣọ̀n ló sì ń fi ojú mi gbolẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó pẹ́ jù. Tẹlifíṣọ̀n mi ń pààrọ̀ àwòrán ní ọgọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Síbẹ̀ ó tún ń fi àkókò kún un láti tún àwòrán ṣe kó tó gbé e jáde. Mo á tẹ bọ́tìnnì, apá á gbéra lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti kọjá. Mo fẹ́ẹ̀ẹ́ sọ pé àgbà ti dé sí mi lára! Ìgbà tí ẹnìkan ní kí n yí tẹlifíṣọ̀n sí ètò géèmù ni ara tù mí díẹ̀.

Àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni ti ká máa fi ọwọ́ ti ẹ̀rọ kí bọ́ọ̀lù lè yà. Bí mo bá dúró ti ẹ̀rọ, gbogbo ara mi ló ń gbá a: àtẹ́lẹwọ́, ìbàdí, nígbà mìíràn orúnkún. Bí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ lọ, mo mọ bí mo ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ sọ fún un pé kó yà. Nínú eré tí mo ní, bọ́tìnnì kan ni, agbára kan náà ló sì ń lò nígbà gbogbo. Kò sí pẹ̀lẹ́, kò sí gbì.

* * *

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ bi èmi tí mò ń tún ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe. Dígírì 6.5 ni ojú tábìlì ìgbàlódé máa ń dà sí. Gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè díẹ̀ sí i, bọ́ọ̀lù á di ẹyẹ. Yọ rọ́bà kan lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, tàbí kí o sún òpó ibẹ̀ kí àyè fẹ̀ sí i, ayò kì í pẹ́ mọ́. Àwọn tó ni ẹ̀rọ ń ṣe é, nítorí bí ayò bá pẹ́ jù, ẹni tó kàn kò ní rí ibi sanwó. Wáyà tó ń gbé apá náà ń gbóná. Bó bá gbóná tán, bọ́ọ̀lù tó ń gun òkè ní wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ á gùn ún dé àárín, á sì sọ̀ kalẹ̀ padà. Àwọn tó ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà ń wo ẹ̀rọ tó mọ́ tónítóní bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Mélòó nínú irú ẹ̀ lẹ ti rí?

Ti títì yẹn, ó ju apá lọ lọ́jọ́ orí. Ọdún 1947 ni ilé iṣẹ́ Gottlieb gbé ẹ̀rọ Humpty Dumpty jáde, òun ló kọ́kọ́ ní apá tí a ń tẹ. Ṣáájú rẹ̀, bí o bá ti fa ọ̀pá tí bọ́ọ̀lù ti lọ, kí o ti ẹ̀rọ nìkan ló kù sí ọ lọ́wọ́. Ohun tó ń mú ẹni tó bá tì í jù, irin kan tó rọ̀ sínú òrùka ni. Bí o bá ti ẹ̀rọ, irin náà á máa mì fún ìgbà díẹ̀. Títì kejì ló ń kóni sí wàhálà, bí èkíní kò bá tíì rọlẹ̀.

* * *

Èmi ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn, mo ti padà lọ. Òfin tí mo kọ́ lórí kọ̀ǹpútà kò ṣòfò, ìka mi ni kò gbọ́n. Mo ti ń tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́ẹ̀kan. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ pẹ̀lú ìbínú, mi ò ní ṣe nǹkan kan, mo á jẹ́ kó bá apá tó dákẹ́ kó sì fò lọ sí apá kejì fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò.

Mo wó ààfin kan ṣoṣo. Inú mi dùn débi pé mo ti ẹ̀rọ nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tún tì í. Gbogbo iná kú, TILT, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ fi ń sọ pé a ti tì í jù, hàn gàdàgbà, apá méjèèjì rọ. Lọ́dún méjì orí kọ̀ǹpútà, n ò rí ọ̀rọ̀ yẹn rí.