Bátìrì ínfátà méjì: ọ̀kan ń hó, ìkejì kì í kún

Bábà Lágéré:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin rìwáyà àtẹ̀yin onísólà. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹrun ní Ifẹ̀ níbí, ínfátà fólíìtì 24 ni mo ń lò, bátìrì olómi méjì 12 12 ló ń gbé e. Ọ̀kan kú lọ́dún tó kọjá, mo ra tuntun fi rọ́pò ẹ̀, owó ò jẹ́ kí n lè pààrọ̀ ìkejì. Láti bí oṣù méjì báyìí, tí wọ́n bá ti mú iná wá, àtijọ́ yẹn á máa hó bí omi àmàlà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tuntun ò tiẹ̀ ní lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí wọ́n bá wá mú un lọ, mi ò ní tíì gẹ orí mẹ́ta tán tí ínfátà á ti máa ké. Ṣé cháájà ló bàjẹ́ ni?

Rìwáyà Iléṣà:
Àbúrò, má tíì fọwọ́ kan cháájà. Tó bá ń cháàjì lọ́wọ́, fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí o kọ iye ẹ̀ síbí. Jọ̀ọ́ ṣí fèrèsé o, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ yẹn máa ń gbaná, kẹ́nikẹ́ni má ṣáná nítòsí ẹ̀.

Bábà Lágéré:
Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Àtijọ́ 15.4, tuntun 13.3.

Rìwáyà Iléṣà:
Ro méjèèjì pọ̀, 28.7. Cháájà tìẹ ń wá 28.8, àròpọ̀ yẹn nìkan ló ń rí, kò mọ̀ pé ọ̀kan ti yó kọjá ààlà tébi ṣì ń pa ìkejì. Iná kan náà ló ń gba inú méjèèjì kọjá, inú àtijọ́ ti kéré, ó ti kún tipẹ́, omi ló wá ń fi iná tó kù gbẹ. Bí 14.4 ló yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Tí o bá tún ń lò ó, òun náà ló máa kọ́kọ́ tán, ohun tó ń mú ínfátà ké nìyẹn. Ó ku ìbéèrè kan, ṣé o so nǹkan mọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn?

Bábà Lágéré:
Háà. Fáànù kékeré fólíìtì 12, ara tuntun ni mo ti fa wáyà ẹ̀, mo ní òun ló lágbára jù. Oṣù méjì náà ni o.

Ìyá Onípiọ́wọ́tà:
Ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n da asíìdì sí i o. Èmi dà á sí tèmi, àṣé omi nìkan ló ń gbẹ, asíìdì ò lọ ibì kankan, bó ṣe le jù nìyẹn tó jẹ inú bátìrì. Omi bátìrì ni kó o rà, kì í ṣe omi kànga.

Rìwáyà Iléṣà:
Òótọ́ ni màmá sọ. Yọ fáànù yẹn lónìí, ara tuntun nìkan ló ti ń fa iná, ìdí nìyẹn tí kì í fi í kún. Tú bátìrì méjèèjì, fi cháájà fólíìtì 12 cháàjì ọ̀kọ̀ọ̀kan títí á fi kún dáadáa, lẹ́yìn náà so pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, jẹ́ kí wọ́n sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú, kó o tó dá wọn padà bó ṣe wà. Kó o tó dá wọn padà, fi ìgò tí a fi ń fa asíìdì wò yẹn wo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àtijọ́. Tí iná ẹ̀ bá kún, bí 1.265 ló yẹ kí ìgò yẹn kà ní ihò kọ̀ọ̀kan.

Bábà Lágéré:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe é. Ihò márùn-ún wà ní 1.25, ìkẹta láti ọwọ́ pupa 1.15 péré, mo tún un wò lẹ́ẹ̀mẹta.

Rìwáyà Iléṣà:
Ihò yẹn ti kú, àbúrò, cháájà kan ò lè jí i. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó máa ń bá bátìrì méjì pín iná dọ́gba, ṣùgbọ́n kì í sọ àtijọ́ di tuntun. Wá ìkejì tó bá tuntun yẹn dọ́gba, irú kan náà, iye kan náà, kó o sì tètè rà á kí ti ọwọ́ ẹ náà má baà gbó dè é.