Ọkọ̀ ojú irin Kérésì tí mo fi gbé Màmá jáde: ẹ gbà mí, ṣé owó mi lè padà?

Ìyá Ìbejì (Leeds)
Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta mi, ẹ káalẹ́ o. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn lálẹ́ yìí, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Èmi, bàbá wọn, àwọn ọmọ mẹ́ta àti Màmá tó ti Aké dé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a lọ wọ ọkọ̀ ojú irin Kérésì lónìí, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì eléèéfín àtijọ́ fà. £204 fún àwa mẹ́fà. Láti Oṣù Kẹsàn-án ni mo ti san án. Màmá wọ ìró àti bùbá àdìrẹ tuntun, wọ́n we gèlè, wọ́n ní rélùwéè làwọn àti ọmọ ọmọ àwọn ń lọ wọ̀.

Hítà kóòṣì wa ò ṣiṣẹ́. Èémí àwọn ọmọ ń rú jáde lẹ́nu bí èéfín àdògán. Ilẹ̀ ti ṣú, kò sí nǹkan tí à ń rí lójú fèrèsé ju ojú ara wa lọ. Wọ́n fún àgbà kọ̀ọ̀kan ní páì kékeré kan tó tutù. Màmá bù ú jẹ, wọ́n yí i wò, wọ́n tún bù ú, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ibo ni wọ́n fi ẹran sí?" Bàbá Kérésì wá wọlé, ó ń ti tábìlì kan bọ́ sí òmíràn. Ó ku tábìlì kan kó kàn wá, ọkọ̀ ti padà dé ibi tó ti gbéra, wọ́n ní ká máa bọ́ sílẹ̀, àwọn mìíràn ń dúró. Ọmọbìnrin kan ló ń fi ọ̀rá na ẹ̀bùn síni lẹ́nu ọ̀nà. Kẹ́hìndé tú tiẹ̀ wò, ìṣeré tí wọ́n ń mì ṣakaṣaka fún ọmọ ọwọ́ ni. Ọmọ ọdún márùn-ún! Kò sunkún. Inú mọ́tò ló ti bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé Bàbá Kérésì mọ̀ pé mo jí súgà lá ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè sùn.

Èyí tó wá ń já mi láyà jù ni pé mo ti san ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọ̀dọ̀ àwọn kan náà, 27 Oṣù Kejìlá, torí ìdílé àbúrò ọkọ mi tó ń bọ̀ láti London lọ́jọ́ 26. Ṣé mo lè gba owó méjèèjì? Ṣé kí n pe bánkì?

Ọmọ Aké (Manchester)
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ bá wa fa Kẹ́hìndé mọ́ra. Ẹ má tíì pe bánkì o. Àwọn tó ni ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, lálẹ́ yìí, kí ẹ tó gbàgbé nǹkan kan. Nọ́ńbà kóòṣì, aago tí ọkọ̀ gbéra, aago tó padà. Ẹ ya fọ́tò páì àti ìṣeré yẹn. Ẹ padà sójú ewé tí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ya ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé Bàbá Kérésì á bá ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, torí wọ́n lè pa á rẹ́ lọ́la. Òfin oníbàárà ti 2015 nílẹ̀ yìí ní tí iṣẹ́ tí èèyàn sanwó fún kò bá rí bí wọ́n ṣe ní yóò rí, kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dín owó kù. Ẹ lo ọ̀rọ̀ yẹn gan-an: kí wọ́n dín owó kù.

Ohun kan tí mo bẹ̀ yín fún: tí wọ́n bá ní àwọn á fún yín níwèé kí ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má gbà á. Ní 2019, ọkọ̀ tiwa dúró sójú ọ̀nà. Wọ́n fún mi níwèé £150, mo dúpẹ́. 2020 dé, Kòrónà dé, ọkọ̀ ò rìn. Nígbà tí wọ́n máa ṣí padà, ọjọ́ ìwé mi ti kọjá. Ó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Bàbá Àdùkẹ́ (Houston)
Ọmọ Aké, ìwé kíkọ tiyín yìí pọ̀. Mo mọ̀ pé Abẹ́òkúta la ti tẹ Ìwé Ìròhìn ní 1859, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan là ń kọ̀wé sí! Ìyá Ìbejì, pe bánkì láàárọ̀ ọ̀la. Ní kí wọ́n fa owó náà padà. Káàdì wo lo fi san án?

Ìyá Ìbejì (Leeds)
Ẹ ṣé, sà. Kírẹ́díìtì káàdì ni mo fi san tàkọ́kọ́. Ti ọjọ́ 27, dẹ́bíìtì ni.

Àǹtí Ìbarà (Birmingham)
Ọmọ mi, kí o tó pe ẹnikẹ́ni, tábìlì lo rà ni, àbí ìjókòó mẹ́fà?

Ìyá Ìbejì (Leeds)
Àǹtí, mi ò mọ̀yàtọ̀ o. A jókòó sí tábìlì kan.

Àǹtí Ìbarà (Birmingham)
Ìyàtọ̀ ńlá wà ńbẹ̀. Òfin kírẹ́díìtì káàdì ti 1974, abala 75, ló máa ń jẹ́ kí gbèsè tí olùtajà bá jẹ ọ́ kan bánkì náà, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tí o rà gbọ́dọ̀ ju £100 lọ, kó má sì ju £30,000. Ohun kan ṣoṣo! Tí wọ́n bá ta tábìlì fún ọ ní £204, o wọlé. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sí rìsíìtì pé ìjókòó mẹ́fà, £34 £34, bánkì á ní kò sí èyí tó tó £100 nínú wọn.

Ọmọ Aké (Manchester)
Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbà. Ẹ̀ẹ̀kan ló sanwó, iye kan ló jáde nínú káàdì. £204 ni £204.

Àǹtí Ìbarà (Birmingham)
Bí èmi náà ṣe sọ fún wọn nìyẹn! Tíkẹ́ẹ̀tì eré mẹ́rin fún ọjọ́ ìbí ọkọ mi, £85 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn ò ṣe eré náà mọ́, olùtajà sì kógbá wọlé. Mo di £340 mú gírígírí pé ó ju £100 lọ. Bánkì dá mi lóhùn ní ìlà méjì péré. Owó náà lọ bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì ni mi ò fi bá ọkọ mi sọ òótọ́ iye tó jẹ́. Ọmọ Aké, ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ, mi ò kà á nínú ìwé.

Ọmọ Aké (Manchester)
Ẹ má bínú, Àǹtí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tà á pọ̀ bí ẹrù kan ńkọ́?

Àǹtí Ìbarà (Birmingham)
Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn, àfi kó wo rìsíìtì. Tí kò bá sì bọ́ sí abala 75, ó ṣì lè ní kí bánkì gba owó padà lábẹ́ ìlànà àwọn ilé iṣẹ́ tó ni káàdì, dẹ́bíìtì pàápàá wà ńbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe òfin o, ìlànà lásán ni, wọ́n sì sábà máa ń fún èèyàn ní ọjọ́ 120 láti béèrè. Bánkì á sì béèrè pé kí ni àwọn ọlọ́kọ̀ wí. Ibẹ̀ ni ìwé Ọmọ Aké ti máa wúlò.

Ọmọ Ọ̀wu (Toronto)
Ẹ̀gbọ́n Houston, ṣé ẹ̀yin ti pe bánkì rí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n sì dá owó yín padà? Ẹ sọ òótọ́ o.

Bàbá Àdùkẹ́ (Houston)
Mo pè é. 2022. A wakọ̀ wákàtí mẹ́fà bọ́ sí ìpínlẹ̀ mìíràn torí ọkọ̀ Kérésì tí Àdùkẹ́ rí lórí fóònù. Ẹ wo àwòrán yẹn: yìnyín, ilé onísúgà. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni ibi ìgbọ́kọ̀sí kan tí wọ́n ta iná yí ká. Bánkì ní lóòótọ́ òfin wà, pé tí ohun tí mo rà bá ju $50 lọ tí kò sì dára, mo lè kọ̀ láti san án, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ inú ìpínlẹ̀ mi tàbí kó má ju máìlì 100 lọ sí ilé mi. Máìlì 100! Èmi tí mo ti wa nǹkan bí 350. Wọ́n tún bi mí bóyá mo ti kọ́kọ́ bá ọlọ́kọ̀ sọ ọ́. Mi ò bá a sọ ọ́.

Ọmọ Aké (Manchester)
Ẹ̀gbọ́n! Ìwé tí ẹ ò kọ rèé o!

Bàbá Àdùkẹ́ (Houston)
Má yọ̀ mí, ọmọdé yìí. Ìyá Ìbejì, kọ̀wé. Mo gbà.

Ọmọ Ọ̀wu (Toronto)
Ẹ ṣì wọ ọkọ̀ ní tiyín. Ní Kánádà níbí, ọkọ̀ ojú irin ẹlẹ́rù kan wà tí wọ́n ń fi iná ọ̀ṣọ́ wé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láti 1999 ló ti ń gba ìlú kọjá ní àsìkò Kérésì. Èmi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kó ọmọ mẹ́rin, mo se ìrẹsì sínú kúlà, mo ra bàtà òtútù tuntun fún wọn, a débẹ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú kí a lè rí ìjókòó tó dáa. Ọkọ̀ dé, ó rẹwà, wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, olórin kọrin ní ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì lọ. Kì í gbé èèyàn! Oúnjẹ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn fún àwọn aláìní. Àbígbẹ̀yìn mi ń sáré tẹ̀lé e, ó ń ké pé, "Dádì, ẹ ní kó dúró!" Ìrẹsì inú kúlà yẹn la fún wọn. Wọn ò lè gbà á, torí èyí tó wà nínú agolo nìkan ni wọ́n ń gbà.

Ìyàwó Ẹ̀gbá (Dublin)
Ẹ̀rín ń pa mí, omijé tún ń bọ́ lójú mi. Pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Àbígbẹ̀yìn.

Ìyá Ìbejì, èmi fẹ́ béèrè nǹkan kan. Báwo ni àwọn ti London ṣe fẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ 26? Ọkọ̀ ojú irin kì í rìn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ Kérésì, ọjọ́ kejì gan-an ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí King's Cross rí lọ́jọ́ 26 pẹ̀lú àpótí mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì (Leeds)
Yéè! Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin ni. Ẹ jẹ́ n pè wọ́n.

Ọmọ Aké (Manchester)
Kí wọ́n wa mọ́tò. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ 27 yẹn, ẹ má gbọ́kàn lé ọjọ́ 14 tí wọ́n máa ń sọ pé èèyàn lè fi dá ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì padà. Tíkẹ́ẹ̀tì ìgbafẹ́ tó lọ́jọ́ kò sí nínú ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yí kóòṣì yín padà, tàbí kí ẹ rí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín.

Àǹtí Ìbarà (Birmingham)
Tàbí kó lọ! Kó béèrè kóòṣì tí Bàbá Kérésì ti ń bẹ̀rẹ̀, kó jókòó síbẹ̀. Ọmọ tó rò pé torí súgà ni wọ́n ṣe fo òun, kò yẹ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Ọmọ Aké (Manchester)
Àǹtí, kóòṣì tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ló máa ń tutù jù.

Àǹtí Ìbarà (Birmingham)
Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Òtútù Manchester ló wọ̀ ọ́ lágbárí. Birmingham ni kẹ́ ẹ wá, ìlú tó gbóná.

Ọmọ Ọ̀wu (Toronto)
Ẹ̀yin Gẹ̀ẹ́sì ń sọ̀rọ̀ òtútù níwájú Toronto?

Bàbá Àdùkẹ́ (Houston)
Mo wọ ṣòkòtò péńpé lónìí o. Ẹ kúuṣẹ́.

Ìyàwó Ẹ̀gbá (Dublin)
Ṣé ẹ rí i, tí ẹ bá fẹ́ ọkọ̀ ojú irin tó dáa, Ìbàdàn lẹ máa lọ. Ẹ rí ibùdókọ̀ wa ní Mọ́níyà? Ibẹ̀ ni rélùwéè tuntun tó ti Èkó wá parí sí, tiyín ní Abẹ́òkúta, ọkọ̀ kàn ń yà kí yín ni.

Ọmọ Ọ̀wu (Toronto)
Ìyàwó wa, ẹ rọra o! Orúkọ ta ló wà lára ibùdókọ̀ Mọ́níyà? Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọmọ wa lẹ fi ń ṣàlejò. Tiwa ń jẹ́ Sóyinká, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta. Pápáláńtó ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ọmọ wa náà ni.

Ìyàwó Ẹ̀gbá (Dublin)
Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Láti Ládérìn tí ọkọ̀ yín já yín sí, èló lẹ ń san dé Pansẹ́kẹ́ nínú ìlú?

Ọmọ Aké (Manchester)
Ẹ má dá ìyẹn sílẹ̀! Ìyá mi bínú sọ́rọ̀ yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i ní Oṣù Kẹfà 2021. Ṣùgbọ́n rélùwéè àtijọ́, Láfẹ́nwá ló wà, àárín ìlú. Ó sì ti kàn wá kó tó kàn yín ní 1901.

Àǹtí Ìbarà (Birmingham)
Láfẹ́nwá. Ọmọ Aké, o ò bá má dárúkọ ẹ̀. Àwọn ìyá tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú igbá móínmóín lórí, ọkọ̀ ti ń gbéra, wọ́n á sì ṣì fún ọ ní ṣéńjì rẹ. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìyá Ìbejì (Leeds)
Mo ti padà dé. Àwọn London á wa mọ́tò, ẹ ṣeun gan-an, Ìyàwó Ẹ̀gbá.

Mo gbọ́ ohùn nínú yàrá àwọn ọmọ, mo lọ wò wọ́n, mo rò pé Kẹ́hìndé ń sunkún ni. Màmá ló jókòó sáàárín wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń sọ bí bàbá tó bí Màmá fúnra wọn ṣe máa ń mú wọn wọ rélùwéè láti Láfẹ́nwá lọ Èkó, Wásinmi, Ifọ̀, Agége. Wọ́n ní èérún èédú máa ń bà lé aṣọ funfun, ìyá wọn á sì máa gbọ̀n ọ́n nù. Wọ́n ní tí ọkọ̀ bá ti gun orí afárá odò, dídún ẹsẹ̀ rẹ̀ á yí padà, á jìn, á dà bí ìgbà tí èèyàn ń lu ìkòkò òfìfo, gbogbo ọmọdé inú ọkọ̀ á sì dákẹ́ títí wọ́n á fi kọjá. Màmá fi ìka ọwọ́ lu orí bẹ́ẹ̀dì fún wọn, gbì-gbì, gbì-gbì, ó wá yí i sí góó, góó. Kẹ́hìndé dákẹ́. Táíwò náà dákẹ́. Wọ́n ní kí Màmá tún un ṣe.

Bàbá Àdùkẹ́ (Houston)
Bó ṣe ń dún gan-an nìyẹn. Ẹ bá mi kí Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Ọmọ Ọ̀wu (Toronto)
Láti 2011 ni mi ò ti dé ilé. Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Àǹtí Ìbarà (Birmingham)
Ìyá Ìbejì, ṣé o ti wo rìsíìtì? Tábìlì ni, àbí ìjókòó?

Ìyàwó Ẹ̀gbá (Dublin)
Ẹ jẹ́ ó sùn, Àǹtí. Ta ló ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lóṣù kìíní? Mo fẹ́ láfún àti ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ẹ má fi ẹran sí i o, wọ́n gba ti ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ ẹ̀ ní èbúté ọkọ̀ òfuurufú.

Ọmọ Aké (Manchester)
Àbúrò mi ń bọ̀ lọ́jọ́ 9. Kílò mélòó?