Àgbẹ̀dẹ Bàámi ló jẹ́ kí ìràwọ̀ yé mi

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ sọ bí ẹ̀kọ́ nípa ìràwọ̀ ṣe wá yé mi.

Ọjọ́ kejì tí a bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì ìràwọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ń lọ nírọ̀lẹ́ ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ wa fi àwòrán Orion, ìyẹn àkójọ ìràwọ̀ kan lójú ọ̀run, hàn wá. Ó tọ́ka sí ìràwọ̀ méjì níbẹ̀: Betelgeuse tó pupa, àti Rigel tó funfun tó ń fà sí búlúù. Ó ní èwo ló gbóná jù? Kíá ni mo nawọ́: èyí tó pupa ni. Ṣebí pupa ni iná?

Ó ní rárá. Ojú Betelgeuse kò ju nǹkan bí 3,500 Kelvin (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe gbóná tó) lọ. Ti Rigel tó 12,000. Oòrùn tiwa wà láàárín, ní nǹkan bí 5,800.

Kò yé mi. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà lálẹ́ ọjọ́ náà tí àgbẹ̀dẹ Bàámi fi sọ sí mi lọ́kàn. Èmi ni mo máa ń fín ẹwìrì fún wọn ní kékeré. Irin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná á kọ́kọ́ pọ́n bí epo. Tí mo bá túbọ̀ fín in, á dà bí ọsàn tó pọ́n, á wá funfun débi tí ojú ò ní lè wò ó. Pupa ni ìbẹ̀rẹ̀ ooru!

Ọjọ́ yẹn ni OBAFGKM, lẹ́tà méje tí wọ́n fi ń pín ìràwọ̀ sí ẹgbẹ́, tí mo ti ń há sórí lásán, tó ní ìtumọ̀: O ló gbóná jù, M ló tutù jù, Oòrùn wà ní G. Cecilia Payne, obìnrin onímọ̀ ìràwọ̀, ló fi hàn ní 1925 pé ooru ló mú ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ yàtọ̀ síra tó bẹ́ẹ̀, pé hydrogen àti helium, àwọn èròjà méjì tó fúyẹ́ jù, ló pọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Àwọn àgbà iṣẹ́ náà ò kọ́kọ́ gbà fún un. Ó ń dùn mí títí dòní.

Mo pe Bàámi lórí fóònù, mo ní kí ni irin máa ń ṣe tó bá ti funfun tán. Wọ́n ní, "Tètè yọ ọ́. Iná á máa ta pàpà lára ẹ̀, á sì jó dànù."

Lọ́sẹ̀ kejì, olùkọ́ ní ìràwọ̀ ńlá tó gbóná gan-an kì í pẹ́ láyé: mílíọ̀nù ọdún mélòó kan, hydrogen tó ń lò ti tán, nígbà tí ti Oòrùn á tó o lò fún nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 ọdún. Ìràwọ̀ kì í jó bí èédú o, hydrogen ló ń di helium nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàámi ni mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mi.